Ọ̀sẹ̀ kan péré pẹ̀lú ẹbí ní Òṣogbo nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: kí ni ká fi ṣe?

Ọmọ Òròkí béèrè pé:

Ẹ̀yin ará ilé àti ti ẹ̀yìn odi, mo kí yín, ẹ kú òjò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wálé ní ìparí oṣù Karùn-ún yìí. Àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 10, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 6. Ilé ìwé wọn lọ́hùn-ún máa ń gba ìsinmi ọlọ́sẹ̀ kan ní àsìkò náà, nítorí náà ọjọ́ méje péré, tòun ti ọjọ́ ìrìn àjò nínú rẹ̀, ni wọn yóò lò. Ohun tí àwọn ọmọ náà ń sọ lórí fóònù ni pé oòrùn ti ń yọ dáadáa lọ́dọ̀ àwọn, pé ìgbà eré ìta ti dé, àwọn sì ń bọ̀ wá ṣe é lọ́dọ̀ ìyá àgbà. N kò tíì rí bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún wọn pé ìgbà tí tiwọn ń gbẹ ni tiwa ń rin.

Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan, mo náwó nára. Mo kó wọn lọ sí ilé ìtura tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́, mo kó wọn lọ sí ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, mo sanwó ìwọlé síbi tí àwọn ọmọdé ti ń gun ọkọ̀ oníná. Iye tí mo ná lọ́jọ́ náà, n kò tíì lè dárúkọ rẹ̀ lójú ìyàwó mi títí di òní. Nígbà tí wọ́n wá padà sọ́hùn-ún tí ìyá wọn bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbádùn jù, alẹ́ ọjọ́ tí iná lọ ni gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí: alẹ́ tí òjò ń lu páànù, tí ìyá wa ń pa àlọ́ fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a sì ń jẹ ẹ̀pà sísè tí a rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri.

Ìdí nìyí tí mo fi wá síbí. Mo fẹ́ mọ àwọn nǹkan kéékèèké tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè jọ ṣe ní ìlú wa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, èyí tí kò ní gbé ènìyàn sínú gbèsè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ìyá wa ti pé ẹni ọdún 78, orúnkún sì ń dùn ún, àti pé àwọn ọmọ tèmi méjèèjì yóò wà ní ilé ìwé lọ́sẹ̀ náà, nítorí pé sáà kẹta ṣì ń lọ lọ́dọ̀ tiwa.

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dáhùn pé:

Ọmọ mi, o kú ìmúra àlejò. Ọlọ́run yóò kó wọn dé láyọ̀. Àgbàdo ni kí o kọ́kọ́ rò. Gbogbo ohun tó kù lè yẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tí kò jókòó ti ìkòkò àgbàdo tútù, kò tíì wá. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, a kì í béèrè oṣù tí a wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti gbọ́ tí alágbàdo ń pariwo "Lángbé jinná o!" ní kọ̀rọ̀ ilé wa, a mọ̀ pé ọdún ti yí.

Má ra èyí tí wọ́n ti sè. Ra tútù, kí o sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà sè é fúnra wọn. Àwọn kan máa ń bó gbogbo háhá rẹ̀ dànù kí wọ́n tó sè é, àṣìṣe ńlá gbáà nìyẹn. Háhá òde nìkan ni kí ẹ bó. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ ọmọ àgbàdo sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ tẹ́ háhá tí ẹ bó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ to àgbàdo lé e lórí, ẹ bu omi sí i, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ wá fi háhá tó kù bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹ tó dé e. Òórùn tí yóò kọ́kọ́ jáde nígbà tí ẹ bá ṣí ìkòkò náà, ìyẹn nìkan tó owó ọkọ̀ òfuurufú wọn. Ẹ fi àgbọn jẹ ẹ́. Àgbọn gbígbẹ ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu omi rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sun ún, ẹ̀yin iná ni ẹ fi sun ún, kì í ṣe ọwọ́ iná. Ìkánjú ló ń mú kí ènìyàn gbé àgbàdo sórí iná tó ń jó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú tí inú rẹ̀ á sì wà ní tútù. Fún ọmọ kékeré náà ní abẹ̀bẹ̀, kí ó máa fẹ́ iná. Yóò gbà pé òun ni ọ̀gá ibẹ̀, kò sì ní da ẹnikẹ́ni láàmú.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi hàn àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo máa ń mú hóró àgbàdo kan dání, mo sì máa ń ní kí wọ́n bó odindi kan, kí wọ́n máa ka aṣọ tó wọ̀ bí wọ́n ti ń bó o. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé ìhòòhò ni àgbàdo ń wọlẹ̀, bó bá jáde tán a di onígba aṣọ, mo sì máa ń fi í wúre fún wọn. Ọmọ tó ti ka aṣọ àgbàdo pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ kì í gbàgbé ìwúre náà.

Bí àgbàdo bá ṣẹ́kù, ẹ fi ṣe sàpàlà. Ẹ rẹ́ hóró rẹ̀ kúrò lára ṣùkù, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, ẹ po epo pupa àti iyọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì pọ́n ọn sínú ewé kí ẹ tó sè é. Mo rí àwọn tó ń fi ike ṣe é nísinsìnyí. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n n kì í jẹ ẹ́.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkìrun dáhùn pé:

Ẹ ṣé, Màmá. Ọ̀rọ̀ ìkòkò, ẹ ti parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ oko díẹ̀ kún un, nítorí pé bí a kò bá ṣọ́ra, àlejò lè dé kí àgbàdo má tíì dé. Láti ọjọ́ tí a bá gbin àgbàdo, ó máa ń gbà tó 70 sí 90 ọjọ́ kí ó tó ṣeé jẹ ní tútù, gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Ẹni tó bá gbin tirẹ̀ lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò ní àárín oṣù Kẹta lè máa ya á ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá dúró kí òjò fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin yóò di oṣù Kẹfà tàbí Keje kí tirẹ̀ tó jáde. Ìdí nìyí tí àkọ́so fi máa ń wọ́n tí kì í sì í pọ̀. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ bá àgbẹ̀ kan sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọjà ọjọ́ náà nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó yẹ ní sísè, ẹ wo irun orí rẹ̀: bó bá ti pọ́n tó sì ti ń gbẹ, tí ẹ bá fi èékánná tẹ hóró rẹ̀ tí omi funfun bíi wàrà sì jáde, ó ti tó. Bí kò bá sí omi mọ́, ti ẹ̀kọ ló kù. Ẹ tún jẹ́ kó yé àwọn ọmọ pé kì í ṣe ìtàn lásán ni pé àgbàdo tí a ya lówùúrọ̀ dùn ju ti àná lọ. Láti ìgbà tí a bá ti ya á ni adùn inú rẹ̀ ti ń di sítáàṣì, ooru sì máa ń mú kó yára. Ẹ sè é lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ wá ya á fúnra wọn, kí wọ́n wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n sì wá ní àárọ̀, nítorí pé òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fẹ́ràn ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, ìjì ló sì sábà máa ń ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá bá wa lóko, a kì í sá sábẹ́ igi, nítorí mànàmáná. Wọn yóò rí olú lára igi tó ti rà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe já a láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀, torí pé irú rẹ̀ tó ń pa ènìyàn wà láàárín èyí tí à ń jẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èsúnsún. Bí òjò bá dá ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ilẹ̀, ẹ gbé abọ́ omi sábẹ́ iná ìta. Wọn yóò máa já bọ́ sínú rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ gbọn ìyẹ́ wọn dànù, ẹ yan wọ́n nínú apẹ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, láìda òróró sí i. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ Manchester kọ́kọ́ sá. Ẹ fi í sílẹ̀, yóò padà wá.

Olùkọ́ Alekúwodó dáhùn pé:

Ní ti àwọn ọmọ yín tó wà ní ilé ìwé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ni Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní Nàìjíríà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gírámà kì í sì í lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Ẹ fi í ṣe ọjọ́ tí gbogbo wọn yóò jọ jáde.

Ibi tí mo lérò pé ó yẹ kí ẹ kó wọn lọ ni Igbó Ọ̀ṣun. Ọ̀pọ̀ àwa ará ìlú máa ń dúró de oṣù Kẹjọ, ìgbà ọdún Ọ̀ṣun, tí èrò á pọ̀ débi pé ọmọdé kò ní rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn àgbàlagbà lọ. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, igbó náà dákẹ́, ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù, ènìyàn a sì lè gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ìjọba àpapọ̀ sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì fi í kún ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ó tó hẹ́kítà 75. Ẹ fi àwọn ère inú rẹ̀ hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn nípa Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì kú sí Òṣogbo ní 2009. Ọmọ ọdún 14 tó ti ń wo ère nínú ilé àkójọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí i pé èyí tó wà láàárín igi, tí òjò ń pa, yàtọ̀ pátápátá.

Etí odò gan-an ni kí ẹ ti pa ìtàn ìlú fún wọn. Gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe sọ ọ́, nígbà tí Lárọ̀óyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ dé etí odò yìí láti tẹ̀dó, igi kan tí wọ́n gé ṣubú sínú omi, ohùn kan sì ké jáde láti ìsàlẹ̀ pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti inú ọ̀rọ̀ oṣó igbó yẹn ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti jáde, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ìlú aró ni wá di òní. (Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ sọ́dọ̀ aláró, ẹ wá ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, àdìrẹ kì í gbẹ lọ́jọ́ òjò, inú aláró kì í sì í dùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.)

Ìkìlọ̀ méjì péré ni mo ní. Àwọn ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ kì í bẹ̀rù ènìyàn, nítorí náà ẹ má ṣe mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà dání ní gbangba. Èkejì, kí àwọn ọmọ má ṣe fẹnu kan omi odò náà. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwakùsà wúrà ní òkè odò ti sọ ọ́ di omi ẹlẹ́rẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, ìjọba pàápàá sì ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe mu ún. Ní ti àwọn tó ń ṣiyèméjì nítorí ẹ̀sìn, kò sẹ́ni tó ń fipá mú àlejò bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀. Mùsùlùmí ni èmi, mo sì máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ.

Ọmọ Òròkí fèsì pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Màmá, mo ti ka ọ̀rọ̀ háhá yẹn sí ìyàwó mi létí, ó sì ní òun náà máa ń bó gbogbo rẹ̀ dànù. Ohun méjì ló ṣì ń kọ mí lóminú. Ìyá wa kò lè rìn nínú igbó, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ọmọ ń gbádùn níta nígbà tí ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ wá ń dá jókòó nílé. Èkejì ni ọmọ ọdún 14 yẹn, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí fóònù.

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì Òkè-Fìà dáhùn pé:

Àbúrò, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ, n kò sì bá àwọn tó ní kí o máa kó àlejò rìn kiri ṣe. Ọjọ́ méje ni o pè é. Yọ ọjọ́ tí wọn yóò fi wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó kúrò, yọ ọjọ́ ojú ọ̀nà láti Èkó dé Òṣogbo kúrò, yọ ti àbọ̀ wọn pẹ̀lú. Mélòó ló kù? Igbó Ọ̀ṣun tó, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fi oko sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, kí alágbàdo sì gbé tirẹ̀ wá sílé. Àwọn ọjọ́ yòókù, kí ẹ jókòó.

Ayò ọlọ́pọ́n ni oògùn ọ̀ràn méjèèjì tí o kà sílẹ̀. Ihò méjìlá ló wà lórí ọpọ́n, mẹ́fà mẹ́fà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò sì jẹ́ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò. Ẹni tó ń ta yóò kó ọmọ inú ihò kan, yóò máa fi í sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí èyí tó fi kẹ́yìn bá sì sọ ihò ọ̀tá rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ti ta á fún ọjọ́ kan ni yóò mọ̀ pé ìṣirò ni gbogbo rẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá lè ka ọmọ inú ihò mẹ́ta ṣáájú kò ní kúrò nípò òpè. Orúnkún kì í ta ayò. Ìyá rẹ lè jókòó sórí àga rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ó máa na ọmọ ọdún 14 náà. Bí ó bá nà án ní ẹ̀ẹ̀mẹta lé ara wọn, tí gbogbo ilé ń pè é ní òpè, tí wọ́n sì ń pe ìyá àgbà ní ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta, ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá bá láti béèrè bí òun ṣe lè borí. Èmi ti rí i lára ọmọ tèmi. Fóònù kì í pe ènìyàn ní òpè, ìdí nìyẹn tí kò fi lè bá ọpọ́n ayò figagbága.

Pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ àti àwọn aládùúgbò, nítorí pé ayò láìsí òǹwòran tó ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, igi àti hóró lásán ni. Ọ̀sán ni kí ẹ máa ta á o. Alẹ́, ti àlọ́ ni. Láyé tiwa, ẹni tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án ni a ń kà sí ọ̀lẹ.

Ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé:

Ẹ kú àpérò. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ṣùgbọ́n London ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn àwọn ọmọ tó ń bọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, òtútù máa ń gùn débi pé nígbà tí oòrùn bá fi máa dé, gbogbo ènìyàn ni yóò sá jáde: wọn yóò tẹ́ aṣọ sórí koríko, wọn yóò gbé búrẹ́dì àti èso sírọ́bẹ́rì jáde, wọn yóò sì jókòó láìṣe nǹkan kan. Ohun tí à ń pè ní ìgbádùn nígbà náà kò ju kí ènìyàn wà níta pẹ̀lú àwọn tirẹ̀. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ ń sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni òkùnkùn. Ní Manchester ní àsìkò náà, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi máa kọjá. Ní Òṣogbo, kó tó di aago méje ó ti wọ̀. Àbíkẹ́yìn yín yóò rò pé ẹnìkan ti jí ìrọ̀lẹ́ òun gbé. Bí ẹ bá fẹ́ sun àgbàdo níta, ẹ tètè dáná ní nǹkan bí aago mẹ́rin, kí àwọn ọmọ lè rí ojú ara wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà, kí òkùnkùn máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kì í sábà rí òkùnkùn gidi lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rántí alẹ́ ọjọ́ tí iná lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́ kí ó rí dókítà nípa oògùn ibà kí wọ́n tó gbéra. Ara ọmọ tó dàgbà sílẹ̀ òkèèrè kò mọ ẹ̀fọn wa, òjò sì ni ẹ̀fọn fẹ́. Nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Ọmọ Òròkí fèsì pé:

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nípa oògùn ibà, ó ní òun ti gbàgbé pátápátá. Bí mo ṣe tò ó nìyí: Igbó Ọ̀ṣun ní àárọ̀ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì àti ìdílé wọn wá bá wa jẹ ẹ́. Àwọn ọjọ́ yòókù, ìyá wa ni yóò darí wọn. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ayò fún ìyá wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì fọwọ́ kan ọpọ́n láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìka rẹ̀ kà. Ọpọ́n tiwa ni n kò mọ ibi tó wọlé sí. Ta ló lè yá mi ní ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan?

Ìyá Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun dáhùn pé:

Wá gbé tèmi. Ọmọ ayò rẹ̀ kù 46. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló sọ méjì nù. Ṣa òkúta wẹ́wẹ́ méjì fi dípò wọn, kí o sì kìlọ̀ fún ìyá rẹ pé èmi náà ń bọ̀ wá ta.